Ọkọ̀ Tó Kúnlẹ̀

Sátidé, 4 Oṣù Kẹwàá

Ìlà méjì ló yọ lára ohun àyẹ̀wò oyún. Deborah gbé e wá bá mi níbi tí mo ti ń fọ ọkọ̀, ó nà án sí mi. Mo wò ó títí ọṣẹ fi gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́. Ìkẹta nìyí. Ìkíní bọ́ nígbà tó wọ oṣù kẹrin. Ìkejì náà, oṣù kẹrin. Inú mi dùn díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù gbé mi.

Ó ní kí n ṣèlérí pé a ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá òun ò gbọdọ̀ gbọ́, ìyá mi ò gbọdọ̀ gbọ́, mínísítà ìjọ wa náà ò gbọdọ̀ gbọ́. Nígbà ìkejì, èèyàn méjì péré la sọ fún, àmọ́ gbogbo Àpómù ló wá bá wa kẹ́dùn. Ó ní títí ikùn yóò fi fúnra ẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ẹnu wa má là. Mo ṣèlérí. Ẹyẹ ò ní sọ fún ẹyẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ni Tolúlọpẹ́ ọ̀rẹ́ mi pè pé àwọn sípíríngì ti gúnlẹ̀ sí Èkó, àwọn tí mo sanwó ẹ̀ láti oṣù kẹjọ kí n lè fi rẹ Kọ̀rólà mi sílẹ̀. Mo ti gbàgbé pé mo tiẹ̀ ní ọkọ̀.

Mọ́ńdè, 6

Òjò. Deborah ń bì ṣáá. Gbogbo ìgbà tó bá wọ balùwẹ̀ ni mo ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn bí ọlọ́pàá. Ó ní kí n lọ jókòó.

Sátidé, 11

Tolúlọpẹ́ kó wọn dé. Fóònù ló ń tà ní Ìkirè, àmọ́ òun náà ni olórí gbogbo àwa tá a fẹ́ràn ọkọ̀ tó bá rẹlẹ̀. Oríṣi méjì ló kó wá, ó ní kí n mú ọ̀kan, òun á ta ìkejì. Pupa ń rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ tó ínǹṣì méjì, ó sì le bí eegun. Dúdú ò ju ínǹṣì kan lọ, ó sì máa ń rọra tẹ̀ tí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò.

“Pupa ni o,” ló wí. “E go sit down well. Táyà á wọ abẹ́ ara ọkọ̀, kò ní sí àyè tí ìka á gbà. Dúdú yìí, ta ló máa mọ̀ pé o ṣe nǹkan kan?”

“Ọ̀nà wa wá ńkọ́?”

“Ẹní máa jẹ oyin inú àpáta kì í wẹnu àáké. Láti ìgbà wo ni ìwọ Dèjì ti ń bẹ̀rù kòtò?”

Mo mọ ìgbà náà dáadáa. N ò lè sọ ọ́ fún un. Ó tún sọ ohun kan tó dùn mọ́ mi: ó ní ọkọ̀ tó bá rẹlẹ̀ kì í fì síhìn-ín sọ́hùn-ún tó bá ń yí kọ́nà. Bẹ́ẹ̀ fífì yẹn gan-an ló ń jẹ́ kí Deborah bì nínú ọkọ̀. Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú ṣinṣin. Bóyá ìtura ló máa jẹ́ fún un. Bóyá ẹwà tó ń wù mí ló ń bá mi sọ̀rọ̀. N ò mọ èwo.

Sọ́ńdè, 12

Lẹ́yìn ìsìn, Tolúlọpẹ́ fi ọkọ̀ tiẹ̀, tó ní sípíríngì pupa nídìí, gbé mi láti Ìkirè dé Wásinmi kí n lè mọ bó ṣe ń rí. Lórí ọ̀dà tó dán, ó dùn, ó di ilẹ̀ mú. Ìgbà tá a dé ibi tí òjò ti jẹ ọ̀nà, eyín mi ń kan ara wọn. Mo bá ara mi tí mo fọwọ́ méjèèjì di ikùn mú.

“Ṣé inú ń run ẹ́ ni?”

“Ẹ̀wà àárọ̀ ni.”

Ó rẹ́rìn-ín débi pé ọkọ̀ fẹ́ẹ̀ bọ́ sí gọ́tà. Nígbà tí mo délé, mo ṣàlàyé fún Deborah, mo ní kó bá mi mú ọ̀kan. Ó ní, “Ẹ̀rù tó ń bà ẹ́ ló máa pa mí, kì í ṣe sípíríngì. Mú èyí tó wù ẹ́. Mo fẹ́ kí nǹkan kan mú ẹ rẹ́rìn-ín nínú ilé yìí.”

Fráìdè, 17

Dúdú ló wà lọ́kàn mi nígbà tí mo jáde nílé. Ọlọ́run gbọ́.

Sàídì mẹkáníìkì tú àwọn sípíríngì tó bá ọkọ̀ wá, ó wọ dúdú sí i, ó sọ jáàkì kalẹ̀. Mo kọjá sí òdìkejì títì kí n lè wò ó dáadáa. Olùkọ́ kan tá a jọ ń kọ́ni níléèwé ń kọjá lọ, ó bi mí pé kí ló ṣe ọkọ̀. Mo ní mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni. Ó yí i po tán, ó ní, “Níbo?”

Mo ní kí Sàídì tú u, kó wọ pupa sí i.

Ó ju sípíríngì àtijọ́ sórí òkìtì irin tó wà ní igun. Ọ̀dà búlúù gééètì wa ṣì wà lára wọn. Èyí tó ṣẹ́kù nínú ọ̀dà náà ni mo fi kùn wọ́n lọ́dún tó kọjá kí wọ́n má baà dípẹtà. Ó wù mí kí n ní kó kó wọn sínú búùtù fún mi. Ṣùgbọ́n ohun tí mẹkáníìkì bá tú tó sì ti jù sẹ́yìn, tiẹ̀ ni. Ẹni tó bá béèrè rẹ̀, ahun ni wọ́n á pè é. Ojú tì mí, mo wakọ̀ mi lọ.

Sátidé, 18

Ẹ wo ọkọ̀ yìí! Ó jókòó, ó ń dán. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń dúró wò ó lẹ́nu gééètì. Deborah jáde, ó káwọ́ gbera, ó ní, “Ọkọ̀ yìí ti kúnlẹ̀ o. Ṣé ìwọ lo kọ́ ọ ní àdúrà?” A jọ rẹ́rìn-ín títí. Fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, n ò bẹ̀rù ohunkóhun.

Túsìdè, 28

Wọ́n rán ẹnu ilé ọmọ fún un lónìí, nílé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn, kí eléyìí má baà bọ́. Mo bi nọ́ọ̀sì pé gbígbọ̀n ọkọ̀ wá ńkọ́. Ó ní, “Bàbá, ọkọ̀ kọ́ ló ń ba oyún jẹ́. Kó ṣáà máa sinmi, kó má gbé ohun tó wúwo. Ẹ̀yin náà ẹ rọra máa wakọ̀.” Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ, “ẹ rọra” nìkan ló wọ̀ mí létí.

Bá a ṣe ń bọ̀, tírélà ń fọn fèrè lẹ́yìn mi bí ẹni pé mo jí ọ̀nà wọn. Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ yà wá sílẹ̀. Gbogbo kòtò ni mo rí tẹ́lẹ̀, gbogbo ẹ̀ náà ni mo sì gbọ́ nínú egungun ẹ̀yìn mi. Deborah ń wo ojú fèrèsé, ó ń kọrin lábẹ́nu. N ò mọ̀ bóyá orin ni àbí àdúrà.

Sátidé, 8 Oṣù Kọkànlá



Ìyá Deborah ránṣẹ́ pè wá sí Ararọ̀mí-Òwu, ìkórè ìjọ wọn kù sí dẹ̀dẹ̀. Tá ò bá lọ, wọ́n á bi wá pé kí ló dé, a ò sì gbọdọ̀ sọ ohun tó dé. A lọ. Wọ́n yọ̀ mọ́ wa, wọ́n wo ọkọ̀, wọ́n ní, “Ọkọ Deborah, ta ló jókòó lé ọkọ̀ yín lórí?”

Àlọ ò burú. Àbọ̀ ni wàhálà dé. Mo jáde láti iyàrá, mo bá odi ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú búùtù, iṣu lábẹ́ ẹ̀, kẹ́ẹ̀gì epo pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo ní, “Mà, ó ti tó, ẹ ṣeun, ó ti pọ̀ jù.” Wọ́n ní ta ló ń jẹ́ kí ọkọ ọmọ òun lọ lọ́wọ́ òfo nígbà ìkórè. Wọ́n tún mú ìyá ìjọ méjì wá, wọ́n ní ká já wọn sí Ìkòyí. Kí ni mo fẹ́ sọ fún àna mi? Pé búùtù mi ò gba ọ̀gẹ̀dẹ̀? Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́. Ọkọ̀ náà dọ̀bálẹ̀.

Ó ku díẹ̀ ká wọ Ìkòyí, àwọn ará àdúgbò kan ti fi sìmẹ́ńtì mọ bọ́m̀pù síwájú iléèwé. Mo rí i. Mo rọra, mo rọra débi pé ọkọ̀ fẹ́ẹ̀ kú. Táyà iwájú gun orí ẹ̀, ó sọ̀. Ló bá di gbàà! Abẹ́ ọkọ̀ ló kan sìmẹ́ńtì. Gbogbo wa ló fò sókè, a tún balẹ̀, sípíríngì ò sì tẹ̀ rárá, òkúta lórí òkúta ni.

Deborah fọwọ́ méjèèjì di abẹ́ ikùn mú, ó pajú dé.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọkọ̀ yín mà ti rẹlẹ̀ jù.”

Mo ní, “Ẹrù ló pọ̀, mà.”

Láti ibẹ̀ dé ilé, n ò lè wo ojú ìyàwó mi. Nígbà tá a délé, ó ní kò sóhun tó ṣe òun. Ó lọ dùbúlẹ̀. Mo ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, mo ń sunkún, mo sì ń nu ojú kí alájọgbé wa tó wà ní àgbàlá má baà rí mi.

Sọ́ńdè, 9

Ẹ̀jẹ̀. Kò pọ̀, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ni.

Kò sí ọkọ̀ mìíràn, ọkọ̀ ọ̀hún náà ni mo fi gbé e dé ilé ìwòsàn ní Ìkirè. Mo ń bẹ ọ̀nà. N ò tíì bẹ èèyàn bẹ́ẹ̀ rí. Nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ lé e níkùn, ó ń wá bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù, ó ń wá a, kò gbọ́ nǹkan kan, ilé sì pa rọ́rọ́. Mo rí ìsàlẹ̀ ayé. Àfi gìdì gìdì gìdì, ó ń sáré bí ẹsẹ̀ ẹran. Deborah bú sẹ́kún. Èmi ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí n tó mọ̀.

Wọ́n ní okùn tí wọ́n fi rán an ò já. Wọ́n ní bóyá bọ́m̀pù ni, bóyá bọ́m̀pù kọ́, kò sẹ́ni tó lè sọ. Kó dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Mọ́ńdè, 10

Mo lọ bá Sàídì kó dá sípíríngì mi àtijọ́ padà sídìí ọkọ̀. Òkìtì irin ti dín kù. Búlúù kankan ò sí níbẹ̀.

“Tíṣà, àwọn tó ń ra irin kọ́ńdẹ̀m ti kó o lọ o.” Kò wo ojú mi, ó ń nu sípánà tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. “Ẹ̀yin náà, kí ló dé? Pupa yìí bá ọkọ̀ yín mu. Gbogbo èèyàn ló ń yìn ín.”

“Ó le jù.”

“Ẹ̀yìn ń dùn yín ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yìn ni.”

Ó ní kí n lọ ra róòbù. Mo béèrè dúdú náà, ó ní Tolúlọpẹ́ ti tà á fún ẹnì kan ní Gbọ̀ngán. Tí mo bá lè la ẹnu kí n sọ òótọ́, bóyá ìbá bá mi wá a tọkàntọkàn. Ìlérí ni ìlérí.

Tọ́sìdè, 13

Mo páàkì ọkọ̀ sábẹ́ igi ọsàn. N ò wà á mọ́, àfi tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Jésù, má jẹ̀ẹ́ kí nǹkan ṣẹlẹ̀.

Sátidé, 22

Mo lọ Ìbàdàn lọ wá sípíríngì tòkúnbọ̀. Èyí tí mo rí, ọ̀kan ga ju èkejì lọ. Ẹni tó ń tà á búra pé ìkan náà ni wọ́n. N ò rà á. Mo ra dòdò Ìkirè bọ̀ lójú ọ̀nà, Deborah ní ata ẹ̀ ló ń wu òun. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ìka. Ìṣẹ́gun kan nìyẹn.

Mọ́ńdè, 1 Oṣù Kejìlá

Ó padà síbi iṣẹ́ lónìí, ní ọ́fíìsì wọn ní Ìkirè. Mo ní kí n gbé e, n ó máa rìn bí alágẹmọ bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní má yọ ara ẹ lẹ́nu, ẹnì kan níbi iṣẹ́ á máa gbé òun lọ, á sì máa gbé òun bọ̀, ẹni jẹ́jẹ́ ni. Mo béèrè orúkọ ẹni náà. Ó ní omi tó wà lórí iná ti ń hó.

Oṣù kẹrin ti ń lọ. Bí ó bá ti yí ara padà lórí ibùsùn, ojú mi á là.

Fráìdè, 5

Olùkọ́ tó bi mí ní “Níbo?” lọ́jọ́sí ló tún sọ fún mi lónìí pé òun rí ìyàwó mi nínú táksí Bàbá Qaosarat, awakọ̀ kan ní gáréèjì Àpómù. Ó ní láàárọ̀ àná, ó tún ní lọ́sàn-án òní. Ó ń rẹ́rìn-ín: “Tíṣà, ẹ lọ́kọ̀ tó ń dán, ìyàwó yín ń wọ táksí!”

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Nínú mi, ẹ̀rù bà mí ju ti ọjọ́ ẹ̀jẹ̀ lọ. Deborah kì í purọ́ fún mi. Bó bá ti ń fi nǹkan pamọ́ fún mi, kí ló tún mọ̀ nípa ara ẹ̀ tí n ò mọ̀? Ṣé wọ́n ti sọ nǹkan kan fún un nílé ìwòsàn? N ò lè bi í.

Sátidé, 13

Ọyẹ́ ti dé, gbogbo nǹkan ló ní eruku. Òní ni àwọn ọlọ́kọ̀ rírẹlẹ̀ péjọ sí Ìkirè. Tolúlọpẹ́ wá mú mi nílé, ó bá ọkọ̀ mi lábẹ́ igi pẹ̀lú ìgbẹ́ ẹyẹ lórí.

“O gba pupa lọ́wọ́ mi, o wá fi ń kó ewé? Àwọn èèyàn ń béèrè ẹ.”

“Ara mi ò yá.”

“Dèjì, ó dà bíi pé ìyàwó ẹ ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ.”

Ó bínú lọ. Ọ̀rẹ́ mi láti fọ́ọ̀mù kejì. Mo jẹ́ kó lọ.

Túsìdè, 16

Mo lọ sí gáréèjì Àpómù lẹ́yìn iṣẹ́, mo fẹ́ bi Bàbá Qaosarat ní ohun tí n ò lè bi ìyàwó mi. Táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn, Kọ̀rólà bíi tèmi, ti jò, wọ́n fi jáàkì gbé e, wọ́n ti yọ táyà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti kí wọn. Ibẹ̀ ni mo ti rí i: búlúù. Búlúù gééètì wa.

Mo gbàgbé ohun tí mo bá wá. “Bàbá, níbo lẹ ti rí sípíríngì yẹn?”

“Lọ́dọ̀ Sàídì. Ó ti tó oṣù méjì. Ó ní tíṣà kan ló jù ú nù.” Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. “Háà. Ìwọ ni?”

“Èmi ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tà á fún mi padà. Iye tẹ́ ẹ bá pè.”

Wọ́n gbé táyà, wọ́n ń wọ nọ́ọ̀tì ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. “N ò lè tà á. Alhamdulillah, látìgbà tí mo ti wọ̀ ọ́, ọkọ̀ yìí ń rìn bíi tìmùtìmù. Mo sì ní ẹni tí mò ń fi gbé. Obìnrin kan ni, ará àdúgbò yín. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wọlé, ó ní, ‘Bàbá, ẹ fi mí ṣe ẹyin.’ N ò bi í pé kí ló dé, òun náà ò sọ. Ẹni tí ìyàwó ẹ̀ ti bímọ mẹ́fà kì í bi irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ní nǹkan kan.”

Mo he nọ́ọ̀tì kan nílẹ̀, mo nà án sí wọn.

“Mo ṣáà sọ fún un pé, ‘Ìyá, ọkọ yín lọ́kọ̀.’ Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n gbogbo kòtò ló ń bá òun sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ kó mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun, torí ẹ̀rù tó ń ba ọkọ òun ti tó o.” Wọ́n sọ jáàkì kalẹ̀. Ọkọ̀ náà balẹ̀, ó tẹ̀ díẹ̀, ó gbéra, ó dúró jẹ́ẹ́. “Tíṣà, lọ sílé.”

Wẹ́sìdè, 17

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Mo rò pé á bínú, àbí kó sunkún. Nígbà tí mo dé ibi búlúù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín débi pé mo ní kó jókòó, ó pọ̀ jù, kó rọra.

Ó nu ojú. “Mo ń sá fún ọkọ̀ ẹ lójoojúmọ́. Ìwọ náà lo sì ń gbé mi.”

Ó fà mí mọ́ra. Ó ní láti òní lọ, kí kálukú máa sọ ẹ̀rù tiẹ̀ jáde lẹ́nu. Mo bẹ̀rẹ̀ tèmi, ó sùn lọ kí n tó débi tó gbẹ̀yìn.

Túsìdè, 23

Ọjọ́ ilé ìwòsàn. Mo gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, mo bá a wọ táksí, àwa méjèèjì jókòó sẹ́yìn bí ẹni tó ń lọ síbi ìgbéyàwó. Ọyẹ́ bo ọ̀nà, Bàbá Qaosarat tan iná ọkọ̀. Bọ́m̀pù kan wà kí a tó wọ Ìkirè. Mo rí i láti òkèèrè, ara mi le. Ọkọ̀ gùn ún, ó sọ̀ bí ẹni sọ ọmọ kalẹ̀ sórí ẹní.

Deborah gbá ọwọ́ mi mú lójijì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ikùn. Nǹkan kan ta mí lọ́wọ́, ó kéré, ó sì ṣe kedere.

“Bọ́m̀pù ni,” mo wí.

“Dèjì, bọ́m̀pù ti wà lẹ́yìn wa.”

Ó tún ta mí. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, ó wà níbẹ̀ bó ṣe máa ń wà, ṣùgbọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́, òun nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀.

Nígbà tá a sọ̀ kalẹ̀, mo na owó sí Bàbá Qaosarat. Wọ́n yọ ti ẹni méjì, wọ́n dá ìyókù padà. Ẹ̀wù Deborah ò bo nǹkan kan mọ́ lónìí, gbogbo gáréèjì ló ti rí i. Bàbá wo ikùn náà, wọ́n yíjú sí ojú ọ̀run tí eruku bò, wọ́n ní, “Ẹni méjì ni mo gbé. Bí ẹnì kẹta bá wà, èmi ò tíì rí i o.”

Wọ́n wakọ̀ wọn lọ jẹ́jẹ́.